Omi Gbígbóná fún Ìyá Naisiae

Ọdún méjìlélógún ni Sironka fi gbé omi gbígbóná fún àwọn àlejò ní ibùdó àgọ́ wa. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti ń lọ sílẹ̀, tí mọ́tò bá ti kó àwọn àlejò dé láti ibi tí wọ́n ti lọ wo kìnnìún, Sironka á bu omi nínú àgbá tó wà lórí iná, á gbé garawa lọ sẹ́yìn àgọ́, á dà á sínú àpò kan tí wọ́n so mọ́ òpó, á sì fi okùn fa àpò náà sókè. "Omi ti dé o!" ni yóò wí. Àlejò tó wà nínú lọ́hùn-ún á fa ẹ̀wọ̀n kékeré kan, omi á sì máa rọ̀ lé e lórí. Garawa kan péré ló wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí wọn ò fẹ́ ká fa odò gbẹ.

Èmi ni mò ń fọ aṣọ ibẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, torí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń jẹ iná, iná oòrùn tí a ní kò sì lè gbé e. Àwọn àlejò máa ń sọ pé àgọ́ wa kì í ba ayé jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ̀yìn èmi àti ti Sironka nìkan ló ń bà jẹ́. Tí a bá pàdé lọ́nà, èmi pẹ̀lú táwẹ̀lì tútù, òun pẹ̀lú garawa, a kì í lè kí ara wa tán. Ó máa ń rẹ̀ wá jù.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tó dáa. Òṣìṣẹ́ tó bá ń fẹ̀yìn tì, wọ́n á fún òun àti ìyàwó rẹ̀ ní àgọ́ kan kí wọ́n sùn mọ́jú bí àlejò. Nígbà tó kan Sironka, ó jókòó sórí àga níwájú àgọ́ kẹrin, ó na ẹsẹ̀, ó ń wo àwọn erinmi nínú odò.

"Ìyá Lankas," ó pè mí, "wo ọwọ́ yìí dáadáa. Kò tún ní gbé garawa kankan mọ́ láyé."

"A ti gbọ́," mo ní. "Ṣé kí n wá bá yín gbé ife tíì dé ẹnu ni, ọ̀gá àlejò?"

"Ì bá dáa o."

Noonkipa, ìyàwó rẹ̀, ìyá Naisiae ọmọ wọn, kò wo odò, kò sì wo bẹ́ẹ̀dì. Ó ti pọn omi láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó fẹsẹ̀ rìn wá: kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn, okùn rẹ̀ níwájú orí, bó ṣe ń pọn ọ́n láti ìgbà ọmọge. Okùn yẹn ti gbẹ́ ojú ọ̀nà sí iwájú orí rẹ̀.

"Níbo ni omi yẹn ti ń rọ̀?" ló bi mí. Mo fi hàn án. Ó dúró sábẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè. "Láti ọjọ́ tí Bàbá Naisiae ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi ni mo ti fẹ́ dúró síbí. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n tó kú. Kí wọ́n máa gbé bẹ́ẹ̀dì wọn lọ."

Wanjohi, máníjà wa, ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ó rò pé inú Sironka máa dùn tí ọkọ ọmọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ fún un, ló bá ní kí Tajeu, ọkọ Naisiae, gbé omi lọ sí àgọ́ kẹrin, kò sì sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin kì í sún mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Tó bá rí i lọ́nà, inú igbó ló máa yà sí. Ká má tíì wá sọ ti ìyá tó bọ́ sí ìhòòhò, tó jẹ́ pé aṣọ àgọ́ nìkan ló wà láàárín wọn.

Ẹ̀yìn àgọ́ yẹn ni mo ti ń ká táwẹ̀lì nírọ̀lẹ́ nígbà tí Tajeu gbé omi dé, tí èéfín ń rú lórí garawa. Noonkipa gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

"Ta nìyẹn? Omi dà?"

Tajeu dá ohùn náà mọ̀. Ó gbé garawa sílẹ̀ lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, ó sì bẹ́ sáré. Ọkùnrin onírùngbọ̀n, bàbá ọlọ́mọ méjì, ó ń sá bí ẹni tí erin ń lé.

"Tajeu! Ibo lò ń lọ?" mo pè é.

"Ìyá ìyàwó mi ló wà níbẹ̀ yẹn! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Bàbá Naisiae!" Noonkipa kígbe láti inú. "Mo ti fi ọṣẹ kun gbogbo ara o! Òtútù ń mú mi!"

Sironka gbórí sókè lórí àga. Èmi ìbá gbé omi náà, ṣùgbọ́n èjìká mi tó ti yẹ̀ kò lè fa okùn àpò yẹn. Ká sòótọ́, mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbé e. Mo fẹ́ wo ohun tí ọkùnrin yìí máa ṣe. Obìnrin ló ń pọn omi lọ́dọ̀ wa. Tí ọkùnrin bá gbé e fún àlejò, iṣẹ́ ni. Tó bá gbé e fún ìyàwó rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi kú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn náà ló sì jókòó níbi iná nítòsí, àwọn ọlọ́dẹ mẹ́ta tó ń ṣọ́ ibùdó, tí wọ́n ń wò ó.

"Sironka, àlejò mà ni ẹ́ lónìí!" ọ̀kan nínú wọn pariwo. "Jókòó ẹ, jàre! Jẹ́ kó jáde wá gbé omi ẹ̀!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èéfín orí garawa ti ń dín kù. Sironka wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì dìde. Orúnkún rẹ̀ dún. Ó gbé garawa náà, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe máa ń fì, ó dà á sínú àpò, ó fà á sókè.

"Omi ti dé o!" Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́dẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Noonkipa kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi omi. Mo di táwẹ̀lì mú, inú mi sì bà jẹ́, torí mo mọ̀ pé ó ń sunkún. Kò pẹ́ tí omi fi dá.

"Ó tán?" Noonkipa bi í láti inú.

"Ó tán."

"Ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe fún wọn lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Tí ẹ bá wá délé lọ́jọ́ ìsinmi, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, 'Omi ìwẹ̀ mi dà?'" Kò bínú sọ ọ́. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbi iná mọ́. Sironka dúró, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé orí àga rẹ̀ ló máa padà sí. Èmi ìbá padà síbẹ̀. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú garawa òfìfo náà.

"Ìyá Naisiae, má tíì wọṣọ," ó ní. "Garawa tèmi ṣì kù nílẹ̀."

Ó gba ọ̀nà ibi àgbá lọ, ó ń tiro díẹ̀díẹ̀.