Ta Ló Ni Ilé Tí Wọ́n Sin Ọkọ Mi Sí?

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, mi ò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ọ̀fàdà, ìlú bàbá rẹ̀. Mo fàáké kọ́rí. Mo ní inú ilé mi ní Kẹ́mta ni wọ́n máa sin ín sí, nínú yàrá iwájú, kí n lè máa kí i láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Obìnrin yìí, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ilé tí wọ́n bá sin ọkùnrin sí, ilé bàbá làwọn ọmọ rẹ̀ máa ń pè é o. Ìwọ lo kọ́ ọ, má fọwọ́ ara ẹ gbé e fún wọn." Mo ní kó yé dá mi lágara. Ìfẹ́ ọkọ ń gùn mí nígbà náà.

Lóòótọ́, èmi ni mo kọ́ ilé náà. Owó àdìrẹ ni, orúkọ mi ló sì wà lórí ìwé ilẹ̀. Àmọ́ ọkọ mi, tí kò ní kọ́bọ̀, ló ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì láti ìpìlẹ̀ dé òkè, títí àtàrí rẹ̀ fi pá.

Ọmọkùnrin wa kan ṣoṣo wá láti Èkó fún àdúà ọjọ́ kẹjọ, kò sì padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá rẹ̀, ó ní ibẹ̀ lòun á máa sùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Lọ́dún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bíi bàbá rẹ̀. Ẹ dákun, mo mọ ikọ́ ọkọ mi: méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Lọ́sàn-án gangan, tí mo bá wà nídìí ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé, màá gbọ́ ohùn méjì nínú yàrá náà, ọ̀kan ń bèèrè, èkejì ń dáhùn. Tí mo bá yọjú, ọmọ mi nìkan ni màá bá. Lọ́jọ́ kan ó fi oríkì mi pè mí, pẹ̀lú ohùn bàbá rẹ̀. Ọmọ wo ló ń fi oríkì pe ìyá ẹ̀? Láti ìgbà táwọn òbí mi ti kú, ọkọ mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó da ìkòkò aró mi mẹ́ta nù, ó ní òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí Bàbá sinmi. Ó lé àwọn oníbàárà mi tó wá láti Ṣàpọ́n. Níkẹyìn ó pààrọ̀ àgádágodo géètì. "Bàbá ní ẹ ti ṣe tó nínú ilé àwọn. Ẹ wá ibòmíì lọ." Háà! Ilé tí mo fi ọwọ́ tí aró ti sọ di dúdú kọ́!

Àwọn àgbà ẹbí ní ọmọ kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pajẹ. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ẹkùn ọ̀hún ló wà nílé mi, èmi gan-an ló fẹ́ pa jẹ. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ já àgádágodo náà, mo wọlé mi padà, mo sì gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ.

Akọ́dà kóòtù lẹ ìwé kúìtì mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà, pé kó kó jáde láàárín ọjọ́ méje. Nígbà tí mo ti ibi ìrun ọ̀sán dé, ìwé náà kò sí lára ilẹ̀kùn mọ́. Orí sàréè ni mo ti rí i, ọmọ mi tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ó fi òkúta kéékèèké tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá ń kà á lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣé ẹ ń lé àwọn náà ni?" Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọjọ́ méje pé, kò kúrò. A dé kóòtù. Ẹjọ́ tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ilé bàbá òun ni, bàbá òun ló sùn síbẹ̀. Lọ́yà mi ti kìlọ̀ fún mi níta: "Màmá, sàréè yẹn ló fẹ́ kó bá wa. Tí wọ́n bá bi yín, ọwọ́ Bàbá ò sí nínú ilé yẹn rárá o." Mo gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì. Adájọ́ bi mí bóyá ọkọ mi ṣe iṣẹ́ kankan nídìí ilé náà. Mo rí i lójú ọkàn mi bó ṣe ń gun òkè bọ̀ láti odò, garawa lórí, omi ń ṣàn sójú rẹ̀. Mo ní, "Rárá o, Olúwa mi. Àlejò mi ni." Ọmọ mi, tó ti ń wúkọ́ láti àárọ̀, dákẹ́ lójijì.

Wọ́n dá mi láre. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló di ẹrù rẹ̀, báàgì kan péré. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn ọmọ tí mo bí, tí etí mi kò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ yìí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Èmi ni mò ń dá a sọ. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ rí."

Omijé lé ròrò sí mi lójú. Mo na ọwọ́ sí i, ó fà sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá náà.

"Àfi lónìí, nígbà tá a ti kóòtù dé."

Mi ò bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ sọ fún un. Mo mọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ, mo sì di onílé. Láti ọjọ́ yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta àdìrẹ ni mò ń sùn.