Obìnrin Tó Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí I

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Àǹtí Àlẹ̀mọ́ fi tẹ ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn. Ẹ̀rọ méjì ló ń lò. Ọ̀kan ní ríbọ́nù: ooru á yọ́ yíǹkì ara ríbọ́nù, yíǹkì á sì mú ìwé pinpin. Èkejì kò lo yíǹkì rárá. Ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dúdú níbi tí ooru bá ti kàn án. Ó yára, àmọ́ bí oòrùn bá pẹ́ lára ìwé náà, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ á ṣá.

Ọ̀gá tuntun dé, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ríbọ́nù jù síta, torí ríbọ́nù ń já, ó ń dá iṣẹ́ dúró. Àǹtí ní èyí tí kò ní ríbọ́nù dára fún páálí tí yóò débi tó ń lọ lọ́la, kò dára fún oògùn tí yóò lo ọdún méjì lórí pẹpẹ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gbé ìwé àṣẹ tó ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tí kò ní ríbọ́nù nìkan síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i.

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi ò ní kan ìwé yìí."

"Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹni tó máa mu oògùn yẹn ni mi ò mọ̀, òun ni mo sì ń ṣiṣẹ́ fún."

Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń di páálí. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, nítorí oúnjẹ òòjọ́. Àǹtí ní ebi kì í ṣe ìjánu.

Ó wá ìgò méjì, ó lẹ ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìgò kan, ó gbé wọn sójú fèrèsé yàrá ìjẹun, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ọ̀gá kó wọn dànù. Àǹtí tún gbé méjì míì síbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, obìnrin agbálẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà ti ń gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Apòògùn àgbà ilé iṣẹ́ gbọ́, ó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó gbìyànjú láti ka iye ṣíbí tí ọmọdé gbọ́dọ̀ mu, kò rí i kà. Ọjọ́ náà gan-an ló ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ríbọ́nù padà.

Ọ̀gá ní Àǹtí lè padà sídìí rẹ̀, bó bá kọ lẹ́tà ìtúúbá fún àfojúdi tó ṣe. Kò kọ ọ́. Páálí ló ṣì ń dì di òní. Kó tó pa páálí kan dé, á mú ìgò kan nínú rẹ̀, á fi àtàǹpàkò ra ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá parẹ́, á jẹ́ kó lọ.