Àwọn Kọ̀ǹpútà Tí Mo Yàn

Láápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ la ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji, nítòsí Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo jáde ní pólì tí n kò ríṣẹ́, Alhaji gbà mí kí n máa tún wọn ṣe. Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun lọ yan ọjà l'Ékòó. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Mo gbà pé bí mo bá yàn án re, iṣẹ́ yíyan ọjà á di tèmi. Mo fẹ́ ẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn náà sì ń bà mí lẹ́rù.

Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń ṣe ọpọlọ tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń tà. Orúkọ ọ̀kan kún ẹnu gbogbo ènìyàn. Láti kékeré la ti ń rí i ní káfé. Èkejì kò lókìkí lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n mo dán wọn wò lọ́jọ́ tí a lọ sí Èkó: ti èkejì yá jù, kì í gbóná, owó rẹ̀ sì kéré. Mo yan márùn-ún tó ní ọpọlọ èkejì.

Owó tó kéré yẹn gan-an ló kọ́kọ́ kó bá mi. Àwọn oníbàárà ń bèèrè pé, "Kí ló ń ṣe é tó fi pọ́ọ́kú báyìí?" Bí a bá sì fi owó lé e, wọ́n á ní àwọn kúkú ra èyí tí àwọn mọ̀. Àyà mi ń já nígbàkígbà tí Alhaji bá wo orí pẹpẹ.

Tíṣà kan láti Ute ló ra ọ̀kan, nítorí pé mo bá a sọ̀rọ̀ títí. Kò pẹ́ tó fi gun ọ̀kadà, tó gbé e padà wá.

"Ẹ̀rọ yín ti kú. Wọ́n sọ fún mi ní ilé-ìwé wa pé kí n má ra irú ẹ̀."

"Mà, ẹnu ibi tí ẹ ń ki ṣájà bọ̀ ló yẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe ọpọlọ rẹ̀."

"Ọpọlọ tèmi ni nǹkan ṣe, tí mo gbọ́ tìẹ."

Alhaji rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Bí mo ṣe ń tú u, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé tirẹ̀ wọlé, èyí tó ní orúkọ ńlá. Kò tàn mọ́ rárá.

"Iná ló bà á jẹ́," ó wí. "Wọ́n mú un lọ, wọ́n tún dá a padà lójijì."

"Àwọn oníná yìí," Alhaji dáhùn, ó mí kanlẹ̀. Tíṣà náà bá a kẹ́dùn.

Mo jókòó láàárín ẹ̀rọ méjèèjì. Bí olórúkọ ńlá bá kú, iná ló pa á. Bí èkejì bá kú, òun ló pa ara rẹ̀. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Mo tún ẹnu ṣájà náà ṣe lójú tíṣà, ẹ̀rọ sì tàn.

"Ó tàn lóòótọ́," ó wí, "àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i mọ́."

Alhaji fi olórúkọ ńlá pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí tíṣà náà lọ tán, Alhaji yíjú sí mi.

"Mo mọ̀ pé o ò parọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí èèyàn á máa gbèjà ẹ̀ lójoojúmọ́, agbára mi ò ká a."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bínú.

Nígbà tí ó tún ń lọ sí Èkó, kò pè mí. Mo dúró sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń sọ fún ara mi pé ó lè pè mí nígbà mìíràn. N kò gba ara mi gbọ́.