Páàkì Wo Lẹ Ń Wí Gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tú ìpàdé ẹbí wa ká lónìí.

Ilẹ̀ òfìfo tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Fájuyì la fẹ́ pinnu lé lórí. Ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ ká kọ́, torí onílé ti ní kí n kó máṣíìnì ìránṣọ mi jáde ní Òkè-Ìlá.

Bùrọ̀dá mi àgbà ní, "Rárá o. Páàkì ni ká fi ṣe."

Gbogbo wọn ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àǹtí wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tiẹ̀ pàtẹ́wọ́: "A ó gbin òdòdó yí i ká, àwọn ọmọdé á ríbi ṣeré."

Bùrọ̀dá mi ní, "Òdòdó kẹ̀? Ibi tí àwọn tó wá nájà á máa gbé mọ́tò sí ni mò ń wí!"

Ni àbúrò bàbá wa bá fìbínú dìde: "Mọ́tò ta ni? Mo ti sọ fún àwọn onítakisí pé kí wọ́n wá máa kérò níbẹ̀!"

Háà! Páàkì mẹ́ta lórí ilẹ̀ kan!

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, tí ẹ bá mọ páàkì tí ẹ fẹ́, ẹ pè mí. Èmi máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìpín tèmi."

Wọn ò mọ̀ pé mo ti pe oníyanrìn láàárọ̀. Fóònù mi dún. Awakọ̀ típà ni: "Màmá, mo ti dé Fájuyì o. Níbo ni kí n páàkì sí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé mo ṣàṣejù, ẹ wí tẹnu yín. Àmọ́ yanrìn ti wà nílẹ̀ o.