Ọwọ́ Aró Lára Ọkọ̀ Lọ́yà

Ọjọ́ tí Lọ́yà kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn Kútọ̀, gbogbo àwa mẹ́káníìkì tó wà nítòsí la ju sípánà sílẹ̀. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà ni, ọkọ̀ sì ti ń pọ̀ ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n a kò rí irú èyí rí. Ó rí pẹlẹbẹ, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì funfun bí ẹyin. Ìlú Òyìnbó ni Lọ́yà ti gbé e wá. Eré sísá ni wọ́n dìídì ṣe é fún.

"Múfútàù, ṣé o lè máa bá mi tọ́jú ẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ́."

Mo gbójú lé ara mi nígbà náà. Ilé-kéú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, mo sì jáde ní ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí kí bàbá mi tó fi mí síṣẹ́. Ọlọ́hun ṣàánú mi, mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ kí irùngbọ̀n mi tó kún. Mo rò pé kò sí ohun tó kù tí mi ò mọ̀.

Àmì ọwọ́ kan wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, ìka márààrún, àwọ̀ aró. Mo bi Lọ́yà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá Ìtòkú ni, ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin, tó ń pa aṣọ láró, tó sì tọ́ òun dàgbà. Nígbà tí òun lọ fi ọkọ̀ hàn án, ìdí ìkòkò aró ló ti dìde wá gbé ọwọ́ lé e láti ṣàdúà, kò rántí fọ ọwọ́. "Ìyàwó mi ní kí n nù ún. Mo ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná."

Ó wá bi mí pé epo wo ni kí òun máa rà. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà nílé epo nígbà yẹn, súpà àti régúlà. Súpà ló ń rà ní Èkó, ṣùgbọ́n régúlà nìkan ni wọ́n ń tà nítòsí wa.

"Ẹ ra régúlà, ọ̀gá. Ọkọ̀ ò mọ orúkọ epo."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i.

Kò pẹ́ tó fi padà dé. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ náà ń lọ geere, ṣùgbọ́n tó bá ń gun òkè, tí Lọ́yà tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Abẹ́òkúta yìí sì rèé, òkè ni gbogbo rẹ̀. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mo tú kabúrétọ̀, mo fọ̀ ọ́. Mo tún iná rẹ̀ ṣe kó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ariwo rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wá wúwo bí ọkọ̀ agégẹdú.

"Ṣé ọkọ̀ tí mo gbé sọdá òkun náà nìyí," Lọ́yà wí, "tí bọ́ọ̀sì ń yà sílẹ̀?"

Mo dá a padà sí bó ṣe wà. Nígbà tó tún dé, ìyàwó rẹ̀ bá a wá. Kò sí ohun tó kù tí mo lè gbìyànjú, ìgbéraga ò sì jẹ́ kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo fi àkísà nu ọwọ́, mo mi orí.

"Ọ̀gá, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti mẹ́káníìkì."

Ohun tí a fi ń bo àìmọ̀kan nídìí iṣẹ́ wa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ ibi tó forí lé. Ìyàwó Lọ́yà wo ọwọ́ aró orí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. "Mo ti sọ ọ́," ló wí. Mo rí ibi tó ń wò, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ìyá àgbà kan fẹsẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù, aró dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé ìwọ ni Múfútàù tó ń tún ọkọ̀ ọmọ mi ṣe?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ìrìn."

Kò dáhùn ìkíni mi. "Wọ́n ní o ní èmi ni mo fi àjẹ́ mú ọkọ̀ ẹ̀."

"Màmá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

Mi ò lè tún un sọ lójú rẹ̀. Ó ní Lọ́yà kì í jẹun nílé òun mọ́. Oúnjẹ tí òun gbé ránṣẹ́ sí i, wọn ò ṣí ìdérí rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn tí àwọn jọ ń pa aró ní Ìtòkú ti ń gbé ìkòkò wọn jìnnà sí tòun. "Ọwọ́ tí mo fi wẹ̀ ẹ́ ló wá ń sá fún yìí." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Èmi á wọ ọkọ̀ náà. Ẹ gbé mi gun òkè, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ."

Èkó ni Lọ́yà lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yà sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, tó bá a níbẹ̀, kò lè wo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọ̀ fún un. Màmá jókòó síwájú, èmi ká ara mi sẹ́yìn. A dojú kọ òkè. Lọ́yà tẹná mọ́ ọn. Màmá di ilẹ̀kùn mú, ó ń fa tẹ̀sùbáà. A gun òkè náà dé orí, ẹ́ńjìnnì ò ró pìn-ín.

Màmá yíjú sí wa. "Ó dákẹ́. Àbí èmi náà ni mo tún pa á lẹ́nu mọ́?"

Lọ́yà wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ ṣé, Màmá, tí ẹ tú u sílẹ̀."

Mo rí ojú ìyá náà nínú dígí. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

"Ọ̀gá," mo wí, "níbo lẹ ti ra epo lónìí?"

"Èkó ni. Súpà."

Ìgbà náà ló yé mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ ọ́ fún mi rí, mo sì fi etí palàbà gbọ́ ọ. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìn máa ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Nínú àwọn ọkọ̀ tí mo ń tún ṣe lójoojúmọ́, fífún náà mọ níwọ̀n. Ọkọ̀ eré máa ń fún un pọ̀ gan-an, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Súpà lè fara dà á. Régúlà ò lè fara dà á. Á ti gbiná fúnra rẹ̀ kí àsìkò tó tó, ìyẹn ló ń dún bí òkúta.

Ọkọ̀ ti dákẹ́, mo lè dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, àjẹ́ ni ìyá náà á jẹ́ títí ayé.

"Màmá ò tú nǹkan kan sílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù."

Níṣojú gbogbo àwọn mẹ́káníìkì, mo fi rọ́bà fa súpà jáde, mo rọ régúlà sí i. Mo ní kí Lọ́yà nìkan gbé e lọ, kí Màmá jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ la ti ń gbọ́ òkúta nínú agolo. Nígbà tó dé, mo dá súpà padà, ó tún gun òkè náà láìró.

"Epo ni," mo wí fún gbogbo wọn. "Èmi ni mo ní kó ra régúlà."

"Múfútàù Ẹ́ńjìnnì-ni-ẹ́ńjìnnì-ń-jẹ́," ẹnì kan pariwo láti ìdí ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí mi.

Lọ́yà dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù lórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì, èmi náà nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ má ba aṣọ jẹ́," Màmá wí. Ó wá wò mí. "Mo ti forí jì ọ́. Ta ló máa wá lọ sọ ọ́ fún gbogbo Ìtòkú?"

Mo lọ, láti agbo ilé dé agbo ilé. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò sì dá ìkòkò wọn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ mọ́ láé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú nǹkan tuntun wá fi hàn án, inú ìró ni Màmá ń ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ kó tó ṣàdúà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó jẹ́ kí n tètè mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá ń fi omi yọ ẹnu nígbà àlùwàlá, ojú máa ń tì mí fún ọ̀rọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde. Ọmọ iṣẹ́ mi tí ò bá mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, "mi ò tíì mọ̀ ọ́n" ni mo kọ́ ọ kó máa sọ.

Nígbà tí Ọlọ́hun fún mi ní ọkọ̀ tèmi, ògbólógbòó kan báyìí, Ìtòkú ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Mo kúnlẹ̀ nídìí ìkòkò aró. Mo ní kí Màmá dákun, kó bá mi gbé ọwọ́ lé e. Ó ti ki ọwọ́ bọ inú ìró. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí.

"Epo wo lo rọ sí i?"

"Súpà ni, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yọ ọwọ́ náà jáde, omi aró ṣì ń kán lára rẹ̀, ó sì gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò nù ún. Òjò ló fọ̀ ọ́ dànù.