Fàyèsílẹ̀ àti Ìnfátà Tó Tóbi Ju Ilé Lọ

Fàyèsílẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn òbí tó ń gbé iṣẹ́ wá fún un ni wọ́n fún un lórúkọ náà. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló ń rán, kò sì sí èyí tó rán rí tí kò fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀. Bí ọmọ bá wọ tiẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó bá rí i á rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá a láṣọ. Apá ẹ̀wù á bo ọwọ́ mọ́lẹ̀, ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ á nípọn bíi bẹ́líìtì. Tí ọmọ bá fẹ́ sunkún, á ní, "Dákẹ́ jàre, o máa dàgbà bá a." Òótọ́ ló sì ń sọ, wọ́n ń dàgbà bá a. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí ẹ̀. Àwọn ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Bó ṣe ń ránṣọ náà ló ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan. Òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé, wọ́n kọ́ yàrá márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Tábìlì ìjẹun tó wà ní pálọ̀ gbà tó èèyàn mẹ́wàá. Ìkòkò kan wà nílé ìdáná tí ẹnì kan ò lè dá gbé bó bá kún. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, gbogbo wọn ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n ká, èyí tó sún mọ́lé jù nínú wọn, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé e wá. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Tábìlì yẹn ò tíì kúrò níbi tó wà.

Bàbá rẹ̀ ló wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú yàrá tó wà nípẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Awakọ̀ àjàgbé ni bàbá yìí nígbà tí ojú ṣì ń ríran dáadáa, orí kunkun tí wọ́n fi ń wakọ̀ nígbà náà ò sì tíì fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ wọn ló ń rán ṣòkòtò wọn, nítorí náà wọ́n ní láti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lè rìn. Wọn ò ráhùn sí i. Bí ṣòkòtò náà bá tú, wọ́n á tún un ká.

Iná àdúgbò yẹn kì í dágbére kó tó lọ. Bàbá kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dìde lọ tọ̀, òpin kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni ilé ìgbẹ́ wà. Ọmọ wọn ra tọ́ọ̀ṣì fún wọn, wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ibẹ̀ ló ń gbé. "Mo ti wa àjàgbé gba inú òkùnkùn kọjá kí wọ́n tó bí ẹ," ni wọ́n wí. "Ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa wá tan tọ́ọ̀ṣì sí?" Ní ìdájí ọjọ́ kan, iná lọ nígbà tí wọ́n wà láàárín ọ̀nà, wọ́n fẹsẹ̀ kọ, wọ́n ṣubú. Apá ò kán, ṣùgbọ́n ó wú.

Ẹ̀gbọ́n Fàyèsílẹ̀ tó jẹ́ ọkùnrin wá láti ibi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n wo apá bàbá, wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Tí wọ́n bá tún ṣubú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Kò ní sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀."

Bàbá ò fẹ́ lọ rárá. Ilé ẹ̀gbọ́n mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bàbá ní ilé tí èèyàn ti ń bọ́ bàtà kó tó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ilé àwọn. Ọ̀rọ̀ náà ba Fàyèsílẹ̀ lẹ́rù ju bó ṣe ba bàbá lọ. Tí bàbá bá fi lè lọ, òun nìkan ni yóò ṣẹ́ kù sínú yàrá márùn-ún. Ó mọ̀ pé òun ò ní lè fara dà á.

Lọ́jọ́ kejì ó gba ṣọ́ọ̀bù Má-Fọwọ́-Kàn-án lọ. Ọkùnrin yìí ló ń ta sólà àti ìnfátà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ agbára inú bátìrì di iná tí ilé lè lò. Kò sí oníbàárà tó wọlé tí kò ní gbọ́ gbólóhùn tó di orúkọ rẹ̀ yìí. Ìyàwó rẹ̀ ní ó máa ń sọ ọ́ lójú oorun.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ kó máa gbé?"

"Iná ni."

"Iná yé mi. Gílóòbù mélòó? Fáànù mélòó? Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?"

"Mẹ́fà," ni Fàyèsílẹ̀ wí. Kò tilẹ̀ ronú sí i kó tó dáhùn.

Má-Fọwọ́-Kàn-án ṣírò, ó ń fi ìka họ orí. Ó ní fún ẹni mẹ́fà àti yàrá márùn-ún, ó di dandan kó jẹ́ ńlá. Ó tọ́ka sí ọ̀kan lára ògiri, ó tóbi bí àpótí aṣọ. Lẹ́yìn náà ló tún gbé kékeré kan sórí káńtà.

"Ká ní ẹ ò pọ̀ ni, èyí ni ǹ bá fún yín. Iná tó ń gbé jáde mọ́, fáànù ò ní máa kùn lórí ẹ̀. Tó bá sì bàjẹ́, èmi fúnra mi ni mò ń tún un ṣe, ẹ̀yà ara ẹ̀ wà níbí. Owó tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ ó fi ra bátìrì tó lágbára."

Fàyèsílẹ̀ nawọ́ sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ó kó ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì fi ojú aránṣọ wo nǹkan náà. "Eléyìí ti fún jù. Kò sí àyè kankan nínú ẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá dé ńkọ́?"

"Kò burú. Àmọ́ tí ẹ bá mú ńlá, owó yín ò ní tó bátìrì gidi mọ́ o. Kéékèèké la máa fi bẹ̀rẹ̀."

"Bátìrì á dàgbà bá a."

"Bátìrì kì í dàgbà, Màmá," ni Má-Fọwọ́-Kàn-án wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì ra ńlá.

Wọ́n to páńẹ́lì sórí òrùlé, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọ́ ara ògiri pálọ̀. Bàbá wò ó títí, wọ́n béèrè bóyá ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ máa fi wà. Gílóòbù kan wà lọ́dẹ̀dẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kú láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oòrùn mú ganrínganrín ní gbogbo ìgbà náà. Bàbá ń lọ, wọ́n ń bọ̀, Fàyèsílẹ̀ ń sùn. Ó tiẹ̀ gbé ẹnu sókè fún àwọn ìyá ọmọ iléèwé tó wá gbaṣọ, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ra ìnfátà kó ra èyí tó gbówó lórí, kó sinmi.

Nígbà tó yá, ojú ọjọ́ ṣú, ó ṣú bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì, oòrùn ò yọjú, iná àdúgbò náà ò sì wá. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, igbe ìnfátà ló jí Fàyèsílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké kíkan kíkan, ó dákẹ́, gbogbo ilé sì ṣókùnkùn. Ó sáré jáde, ó ń fi ọwọ́ wá ògiri. Bàbá ti jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ti tú bo ẹsẹ̀ wọn.

"Mo jókòó ni," ni bàbá wí. "Mi ò ṣubú."

Fàyèsílẹ̀ fà wọ́n dìde.

"Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Fàyèsílẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Má-Fọwọ́-Kàn-án. Ó pè é ní gbájúẹ̀, ó pè é ní ẹni tí kò ka bàbá èèyàn sí, ó ní gbàrọgùdù ló tà fún òun. Má-Fọwọ́-Kàn-án gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Oòrùn díẹ̀ ti jí bátìrì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pa gbogbo gílóòbù, ó yọ fáànù, ó yọ ẹ̀rọ ìránṣọ, títí tí kò fi sí ohun kankan tó ń lo iná nínú ilé mọ́. Ó wá ní kí Fàyèsílẹ̀ gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ìnfátà.

"Ṣé kí n fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ohun kan sì ń yí nínú rẹ̀.

"Ẹ ò lo nǹkan kan, àmọ́ òun ń jẹun," ni Má-Fọwọ́-Kàn-án wí. "Bó ṣe tóbi tó ló ṣe ń jẹun tó, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀, ohun tó ń dá jẹ pọ̀ ju ohun tí gílóòbù yín àti fáànù yín ń jẹ lọ. Tí oòrùn bá wà, ẹ ò ní mọ̀. Tí kò bá sí, bátìrì kéékèèké ò ní lè bọ́ ọ mọ́jú. Ẹni mẹ́fà ni mo ṣírò fún." Ó wo ọ̀nà yàrá. "Àwọn mẹ́fà dà?"

Má-Fọwọ́-Kàn-án rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ láti yẹ wáyà wò, ó ń ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Yàrá àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀dì láìsí aṣọ lórí rẹ̀. Ìkejì, òkìtì yunifọ́ọ̀mù. Ìkẹta, fáànù tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó padà wá sí pálọ̀, ó sì dúró.

"Èmi," ni Fàyèsílẹ̀ wí, ó ń fi ìka kà á. "Ọkọ mi. Àwọn ọmọ mẹ́rin."

Má-Fọwọ́-Kàn-án tẹjú mọ́lẹ̀. Òun náà wà níbi ìsìnkú ọkọ Fàyèsílẹ̀.

Orí àga ni bàbá wà, wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti àárọ̀. "Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún ọkọ ẹ," ni wọ́n wí. "Èmi ńkọ́? Nínú mẹ́fà yẹn, èwo ni èmi?"

Fàyèsílẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un kà, kò rí ibi tí bàbá wà. Tìtorí wọn ló ṣe jáde nílé lọ ra iná, ó ka òkú, ó ka àwọn tó ti lọ, ó gbàgbé ẹni tó ń rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ojú tì í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ níwájú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán.

"Mi ò bínú," ni bàbá wí. "Èmi náà ò gba àyè púpọ̀."

Má-Fọwọ́-Kàn-án yọ díẹ̀ nínú owó tí Fàyèsílẹ̀ san, ó gba ńlá padà. Ẹnì kan tó ń ta ọtí tútù, tó ní fírísà mẹ́ta, ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Má-Fọwọ́-Kàn-án gbé kékeré wá kọ́ sí ojú ibi tí ńlá wà tẹ́lẹ̀, àmì àpótí ńlá sì hàn yí i ká lára ògiri. Ó fi owó tó ṣẹ́ kù ra bátìrì tó lágbára. Kó tó so wáyà pọ̀, ó tún béèrè iye àwọn tó wà nílé, nítorí bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

"Èmi àti bàbá mi," ni Fàyèsílẹ̀ dá a lóhùn.

Ojú ọjọ́ tún ṣú lẹ́yìn ìgbà náà, ó tiẹ̀ rọ̀jò. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò kú. Ẹ̀gbọ́n wá kí wọn, wọ́n sùn nínú yàrá ìkẹta, wọ́n sì gbọ́ bí sálúbàtà bàbá ṣe lọ ní ìdájí tó sì padà. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n dá nìkan lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fàyèsílẹ̀ gbé téèpù kọ́rùn, ó ní kí bàbá dìde dúró. Ó wọn ìbàdí wọn dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ti kúrú ju bó ṣe mọ̀ wọ́n lọ, èyí sì dùn ún wọra. Ó tẹ́ aṣọ ṣòkòtò sórí tábìlì, ó mú ẹfun, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ sísàlẹ̀ bó ṣe máa ń lọ.

"Má gbàgbé àyè o," ni bàbá wí, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bóyá mo ṣì máa dàgbà bá a."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó nu ìlà tó ti fà kúrò, ó fa òmíràn sókè rẹ̀, ó sì gé aṣọ náà síbi tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ.