Àpò Sìmẹ́ǹtì Tó Di Pákó Mú

N kò ní dárúkọ onílé náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ òpópónà tó wà ní Ire-Akari. Ilé náà ṣì dúró, àwọn ọmọ onílé sì wà níbẹ̀.

Lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ Èkó ni. Gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ló ń kọ́lé, gbogbo wọn ló sì ń kánjú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Èkìtì tá a jọ ń gbé yàrá kan ní Ṣógúnlé, ni wọ́n ní ká rẹ́ ògiri òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà láti ìta.

Igi tí à bá rì mọ́lẹ̀ ká fi gòkè ti wọ́n lọ́jà. Ohun tí àwọn bíríkìlà ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á ti pákó gígùn gba ojú fèrèsé jáde. Àwa á dúró lórí èyí tó yọ síta. Wọ́n á to àpò sìmẹ́ǹtì lé èyí tó wà nínú yàrá, nítorí inú yàrá náà ni wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì pa mọ́ sí kí òjò má bàa pa á.

Sìmẹ́ǹtì kan náà la sì ń pò láti fi rẹ́lé.

Mo lo ọdún díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí bàbá mi tó kú. Tíṣà wa a máa gbé rúlà sí etí tábìlì, á sì to òkúta sí i lórí. Ó ní kì í ṣe bí ẹrù ṣe wúwo tó nìkan, bó ṣe jìnnà sí etí tábìlì tó náà wà ńbẹ̀. Ó ní bí ẹrù bá pọ̀ lójú kan, ẹ kà á sí ẹrù kan ṣoṣo tó jókòó sí àárín wọn. Àwọn lébìrà wa ń mú àpò láti ìdí pákó, níparí rẹ̀ nínú yàrá, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ àtẹ̀gùn. Ẹrù náà ń fúyẹ́, ó sì ń sún mọ́ fèrèsé.

Mo pe ọ̀gá bíríkìlà láti ìta. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ti ìdí sílẹ̀. Ti ojú fèrèsé ni kí wọ́n máa mú.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ wá gbọ́ tíṣà! Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹ? Àpò mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ò wúwo tó àpò mẹ́rin, gààrí lásán lẹ̀ ń mu.”

“Fi sílẹ̀ jàre,” ọ̀rẹ́ mi wí. “Jẹ́ ká parí igun yìí, ká sọ̀ kalẹ̀.”

Mo fà sẹ́yìn mọ́ fèrèsé. Òun nà síwájú dé ṣónṣó pákó, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó igun. Lébìrà kan tún wọlé, ó fa àpò kan jáde níbi ìdí. Pákó náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, ìdí rẹ̀ sì gbéra nílẹ̀. Mo di irin fèrèsé mú. Táwẹ́lì tó fi ń rẹ́lé nìkan ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Orí àwọn búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ló bọ́ sí, kò sì dìde mọ́.

“Àmúwá Ọlọ́run ni,” ọ̀gá wí fún bàbá ọ̀rẹ́ mi nígbà tí bàbá náà dé láti Èkìtì. “Àsìkò ẹ̀ ló tó, bàbá.” Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti gbogbo wa lọ.

Nígbà tí mo lọ kó irinṣẹ́ mi, pákó ti padà sójú fèrèsé. Wọ́n ti to àpò sí ìdí rẹ̀ tó fi ga dé àyà mi, ọ̀gá sì ń pariwo mọ́ àwọn lébìrà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.